Kì í ṣe Paris ló ti bẹ̀rẹ̀: Àtúnṣe lórí orin tí a ń fi ìró ìgboro ṣe

Ọdún 1948 ni wọ́n máa ń dá. Bí ẹ bá bi ẹni tó mọ̀ nípa orin ẹlẹ́rọ léèrè pé ta ló kọ́kọ́ gba ìró ojú ayé sílẹ̀, tó sì fi ẹ̀rọ tún un rọ títí ó fi di orin, yóò dá yín lóhùn pé Pierre Schaeffer ni, onímọ̀ ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ rédíò Faransé, àti pé ìró ọkọ̀ ojú irin ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Paris. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá mi ní Ìlọrin láti kọ́ bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, kí n tó rí i pé àṣìṣe ni mo ń fi lé wọn lọ́wọ́. Mo kọ èyí láti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, kí n sì fi òtítọ́ sí àyè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti ọdún tí a ṣi kà lọ. Ọmọ kan ní Tanke, ní Ìlọrin níbí, lè fi fóònù gba ìró ẹ̀rọ ata, ti àwọn wẹ́dà, ti òjò lórí páànù, kó kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kó máa gé e, kó máa tò ó. Ìyá rẹ̀ á ní ariwo ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní òyìnbó ló ń ṣe, kó lọ ṣe orin tí èèyàn lè jó sí. Òun fúnra rẹ̀, nígbà tó bá ṣí ìwé, á bá Paris pàdé, á bá Cologne pàdé, kò ní bá ìlú kankan pàdé ní ilẹ̀ adúláwọ̀, á sì gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ohun àyálò lòun dì mọ́. Mo ti rí ẹni tó tìtorí bẹ́ẹ̀ pa iṣẹ́ tì, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Cairo.

Halim El-Dabh ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1921 ni wọ́n bí i ní Cairo. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ó ń tẹ dùùrù, ó sì ń kọ orin. Ní 1944, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 23, tí ogun àgbáyé kejì ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó yá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan ní iléeṣẹ́ Middle East Radio. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe onítéèpù. Wáyà irin tín-ín-rín, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí fọ́nrán irun, ni agbára òòfà ń tẹ ohùn sí lára. Ó wúwo, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kì bọ àpò ṣòkòtò.

Ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe zaar. Zaar jẹ́ ètò ìwòsàn tí àwọn obìnrin máa ń ṣe ní Íjíbítì, ní Sudan àti ní Ethiopia. Wọ́n á lu ìlù, wọ́n á kọrin, títí ẹ̀mí tó ń yọ aláìsàn lẹ́nu yóò fi gùn ún, tí wọ́n á sì bá a ṣe àdéhùn. Ẹni tó bá mọ bòòrí àwọn Hausa kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn onímọ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi méjèèjì wé ara wọn. Àwọn obìnrin ló ni ibẹ̀. El-Dabh ròyìn lẹ́yìn náà pé ìbòjú obìnrin lòun àti ẹnìkejì òun fi bojú kí wọ́n tó ráyè wọlé.

Ká ní ó gba orin wọn sílẹ̀ tó sì gbé e relé ni, ohun tí àwọn olùwádìí mìíràn ti ṣe ṣáájú rẹ̀ ni ìbá ṣe, n kì bá sì máa dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn lọ̀rọ̀ wà. Ó padà sí iléeṣẹ́ rédíò, níbi tí yàrá kan wà tí ògiri rẹ̀ ṣeé sún síwá sẹ́yìn, tí yàrá gbohùngbohùn sì wà pẹ̀lú. Ó gbé ohùn àwọn obìnrin náà gba inú ibẹ̀, ó tún un gbà sílẹ̀, ó tún gbé e gbà á. Ó ń yọ ìdí ohùn kúrò, ó ń fi ọmọ ohùn sílẹ̀, ìyẹn àwọn ìdún tín-ín-rín tó máa ń gun orí ohùn kọ̀ọ̀kan tí etí wa kì í yà sọ́tọ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tó lu agogo, tó gé ìlù náà gan-an dànù, tó wá fi ìdún tó ń kù lọ lẹ́yìn rẹ̀ nìkan sílẹ̀. Nígbà tó fi máa parí, ohùn èèyàn ti kúrò ní ohùn èèyàn. Ó ti di nǹkan tó ń mí, bí atẹ́gùn tó há sínú ihò àpáta. Ó sọ ọ́ ní Ta'abir al-Zaar, ó sì gbé e kalẹ̀ fún àwọn ará Cairo gbọ́ lọ́dún 1944 yẹn kan náà.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Schaeffer gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin Batignolles.

Mo gbọ́dọ̀ rọra tẹ ilẹ̀ níhìn-ín, nítorí àtúnṣe máa ń bí àṣìṣe tirẹ̀. Mo ti ń gbọ́ báyìí pé ilẹ̀ adúláwọ̀ ló dá orin ẹlẹ́rọ sílẹ̀. Rárá o. Ní Amẹ́ríkà, Thaddeus Cahill ti gba ìwé àṣẹ ní 1897 fún ẹ̀rọ orin oníná tó ń jẹ́ Telharmonium. Ní Rọ́ṣíà, ní nǹkan bí 1920, Leon Theremin ṣe ohun èlò tí wọ́n ń fi ọwọ́ lu láìfọwọ́ kàn án. Bó sì ṣe ti gbígba ìró ìgboro sílẹ̀, Walter Ruttmann ará Jámánì ti ṣe iṣẹ́ kan tó pè ní Weekend ní 1930: ó fi ẹ̀rọ sinimá gba ìró ìlú Berlin lópin ọ̀sẹ̀, ó gé e, ó so ó pọ̀, ó sì gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 láìsí àwòrán kankan. Ẹni tó bá fẹ́ gbé El-Dabh ga kò gbọ́dọ̀ tẹ Ruttmann mọ́lẹ̀. Gígé àti síso ni Ruttmann ṣe. Òòlù ṣì jẹ́ òòlù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. El-Dabh ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó mú ìró tó bá níta, tó sì fi ẹ̀rọ tú u palẹ̀, tó pe ohun tó kù ní orin. Ibi tí mo fẹ́ kí àtúnṣe wa dúró sí nìyẹn. Kó má kéré sí i, kó má sì tóbi jù ú lọ.

Báwo wá ni 1948 ṣe gba gbogbo ìtàn náà? Schaeffer kò jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹ̀rí pé ó gbọ́ nípa Cairo, ọ̀nà tó gbà ṣe tirẹ̀ sì yàtọ̀: àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ló lò, ó ń ṣe ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ lórí àwo náà ní òbìrí kan tó padà wá bá ara rẹ̀, kí ìró kúkurú kan lè máa yí po láìdáwọ́ dúró. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1948 ni rédíò Faransé gbé iṣẹ́ rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ó fún irú orin náà ní orúkọ. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1952, ó tún kọ òmíràn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1966. Iléeṣẹ́ rédíò ìjọba fún un ní sítúdíò, wọ́n fún un ní àwọn ọmọ iṣẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ náà sì di olùkọ́ káàkiri Yúróòpù. El-Dabh ní tirẹ̀ kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1950. Ó ṣiṣẹ́ ní ibùdó orin ẹlẹ́rọ ti Columbia àti Princeton ní New York, níbi tó ti ṣe Leiyla and the Poet ní 1959. Ó kọ orin ijó fún Martha Graham, ó kọ́ni ní Addis Ababa, ó kọ́ni ní Kent State ní Ohio fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò kọ ìwé tó sọ fún ayé pé òun lòun kọ́kọ́ ṣe é. Apá kan tó kúrú nínú iṣẹ́ Cairo yẹn kò dé orí àwo CD títí di ọdún 2000. Ọdún 56 ni wáyà náà fi dákẹ́. El-Dabh kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ẹni ọdún 96 ni.

Nítorí náà, ohun tí àwọn ìwé ń ròyìn fún wa gan-an ni ibi tí a ti kọ ọ́ sílẹ̀, ibi tí a ti dá ẹgbẹ́ lé e lórí, ibi tí ìjọba ti ná owó sí i. Ìyẹn kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Àwa tí ọ̀pọ̀ ìtàn wa wà lẹ́nu àti létí ló yẹ kó tètè mọ ìyàtọ̀ náà.

Mo wá padà sí ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ Tanke: ariwo ni.

Ìlú tí ìyá yìí ń gbé, iṣẹ́ tó ń dún ni wọ́n sọ pé ó fún ìlú náà lórúkọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ìlọrin sọ pé ọdẹ kan, Òjó Ìṣẹ̀kúṣẹ̀, ló ń lọ irin rẹ̀ lórí òkúta kan, tí ibẹ̀ sì ti bẹ́ẹ̀ di Ìlọ-Irin. Wọ́n ṣì ń fi òkúta náà han àlejò ní àdúgbò Ìdí-Àpè. Ẹni tó bá ti gbọ́ irin lórí òkúta rí mọ̀ pé kì í ṣe ìró kan ṣoṣo: ó máa ń fín létí nígbà tí ẹnu irin bá ṣì kújú, ó máa ń rọ̀ nígbà tó bá ti ń mú. Etí ni alágbẹ̀dẹ fi ń mọ̀ pé ó tó. Ní Dada, ní Òkèlele, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran, ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò kì í wo ojú rẹ̀ nìkan. Á fi ìka kàn án lára. Bó bá dún gbọ̀n-ọ́n, ara rẹ̀ le. Bó bá dún kẹ́kẹ́, ó ti là níbì kan tí ojú kò rí. Ahunṣọ òfì pẹ̀lú, bí ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá bá yí ohùn padà, ó ti mọ̀ pé òwú kan ti fẹ́ já kí ojú tó bá a. A ò lè sọ pé ohun tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ń tẹ́tí sí tọkàntọkàn láti òwúrọ̀ dé alẹ́ jẹ́ ariwo. Ìròyìn ni. Èyí tó kù ni kí ẹnìkan tẹ́tí sí i fún adùn rẹ̀.

Àwọn kan á ní ìyẹn kò ṣòro láti gbà, ó ṣe tán, àwa náà ti ń fi ohun tí kì í ṣe ìlù ṣe ìlù tipẹ́. Òtítọ́ ni. Amọ̀ ni ara sákárà, igbá ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àpótí ni agídìgbo. Ní oṣù Ramadan, àwọn ọmọ ajísàrì ń lu páànù àti agolo kiri àdúgbò láti jí àwọn onísàárì, inú eré wéré yẹn sì ni Sikiru Ayinde Barrister ti mú fújì jáde. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kó gbé mi kọjá ibi tó dé. Lílu páànù yàtọ̀ sí gbígba ìró páànù sílẹ̀. Ọmọ ajísàrì sọ páànù di ìlù, ọwọ́ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, ó sì mọ ohun tó fẹ́ kó dún. Ẹni tó ń fi ìró tó bá níta ṣe orin kò sọ fún nǹkan pé kó dún. Ó bá a níbi tó ti ń dún fún iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá pe ajísàrì ní orin ẹlẹ́rọ nítorí pé a fẹ́ fi hàn pé a ti ní in tẹ́lẹ̀, àṣìṣe mìíràn la tún dá.

Ibi tó sún mọ́ ọ jù ni ilẹ̀ Ghana. Ní 1975, James Koetting, olùwádìí orin láti Amẹ́ríkà, gba ìró àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ Yunifásítì Ghana sílẹ̀ ní Legon, ní Accra. Òǹtẹ̀ ni wọ́n ń lù sórí sítáǹpù lẹ́tà. Ọ̀kan á lu òǹtẹ̀ mọ́ tàdáwà, á lù ú mọ́ lẹ́tà, ẹnìkejì á bọ́ sáàárín, ẹlòmíràn á máa fi àlùmọ́gàjí gé e, wọ́n sì ń súfèé orin kan tí W. J. Akyeampong kọ sí i. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Lẹ́tà ń lọ. Àwọn tí a fi ìró náà hàn láìsọ ibi tó ti wá máa ń rò pé ẹgbẹ́ onílù ni. Àwọn olùkọ́ orin ti fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lóríṣiríṣi orílẹ̀-èdè láti ìgbà náà. Ní Accra kan náà, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ La ń fi fèrè ọkọ̀ onírọ́bà àtijọ́ ṣe orin tí wọ́n ń pè ní por por, tó jáde lórí àwo Smithsonian Folkways ní 2007. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn nípa Paris.

Ní Nàìjíríà, ẹni tí mo máa ń fi hàn àwọn ọ̀dọ́ ni Emeka Ogboh. Ní Enugu ni wọ́n ti bí i ní 1977, iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Nsukka. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn rẹ̀ rèé: ní 2008, ilẹ̀ Íjíbítì ló ti pàdé iṣẹ́ ọnà ìró, níbi ẹ̀kọ́ kan ní Fayoum, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cairo, lọ́dọ̀ olùkọ́ ará Austria kan. Nígbà tó padà sí Èkó, etí rẹ̀ ti yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìgboro sílẹ̀: kọ̀ńdọ́ tó ń pe ọkọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn olùpolówó ọjà, jẹnẹrétọ̀, súnkẹrẹ fàkẹrẹ. Ní 2015, níbi ìpàtẹ ọnà Venice, ó kó ohùn àwọn akọrin 10 pọ̀, tí wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè Jámánì ní èdè ilẹ̀ adúláwọ̀ 10, Yorùbá sì wà lára wọn. Àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, Beyond the Yellow Haze, fi ìlù ẹ̀rọ àti báàsì gbé ìró Èkó ró. Iléeṣẹ́ kan ní Berlin ló tún un gbé jáde ní 2021. Ní 2022 ó gbé èkejì jáde lábẹ́ Danfotronics, iléeṣẹ́ tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ni àkọlé àwo náà: òǹkà tí wọ́n fi ń mọ Ojúẹlẹ́gba lórí àwòrán ayé. Ẹni tó bá mọ Ojúẹlẹ́gba, tó bá fi nǹkan sétí tó gbọ́ ọ, á mọ̀ pé kì í ṣe ariwo oríta yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ńdọ́ tó máa ń kọjá wéré létí wa nígbà tí a bá ń sáré ti dúró, a lè gbọ́ bó ṣe ń lọ sókè, bó ṣe ń bọ̀ sílẹ̀, bó ṣe ní àmì ohùn bíi ti ewì.

Ní Nairobi pẹ̀lú, Joseph Kamaru, tí gbogbo ayé mọ̀ sí KMRU, tí bàbá rẹ̀ àgbà tí wọ́n jọ ń jórúkọ jẹ́ gbajúmọ̀ olórin Kikuyu, gbé Peel jáde ní 2020, àwo tí ìró tó gbà sílẹ̀ níta kún inú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ Schaeffer ju bí wọ́n ṣe jẹ́ ọmọ El-Dabh lọ.

Ó ku Ìlọrin.

Àṣìṣe mìíràn tí mo máa ń bá pàdé ni pé sítúdíò olówó ńlá nìkan ló lè ṣe é. El-Dabh yá tirẹ̀ ni. Lóde òní, fóònù tó wà lápò ọmọ Tanke yẹn lè ṣe ìdíwọ̀n ohùn ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí wáyà El-Dabh kò lè lá àlá rẹ̀. Sọ́fítíwíà Audacity, tó jáde ní 2000, ọdún kan náà tí wáyà Cairo dé orí CD, ọ̀fẹ́ ni. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀pọ̀ fóònù ni wọ́n ṣe kó máa yọ ohun tí wọ́n kà sí ariwo kúrò, kó fi ohùn èèyàn nìkan sílẹ̀. Ẹ ó fi fóònù sẹ́nu ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, á gbé apá kan rẹ̀ jù nù. Àṣìṣe tí mo ń bá jà láti òkè títí dé ibí yìí ti wọ inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ wá ibi tí a ti ń pa ètò tó ń yọ ariwo yìí, ẹ pa á, kí ẹ sì gba ìró náà ní WAV, kì í ṣe MP3. Ẹ fi fóòmù bo ẹnu máìkì nítorí atẹ́gùn. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ó kéré tán fún ìṣẹ́jú méjì láìsọ̀rọ̀, kí ẹ wá dárúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ náà lẹ́nu ní ìparí, nítorí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìró àádọ́ta tí kò lórúkọ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ sùúrù. Ìró ọ̀kọ̀ òfì tí a bá dín ìyára rẹ̀ kù sí ìdajì, ohùn rẹ̀ á já wálẹ̀ sí ohùn kan náà ní ìpele tó wà nísàlẹ̀. Bí a bá tún dín ìyẹn kù sí ìdajì, igi wẹ́rẹ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìlù ńlá ààfin. Ìdún ìkòkò Dada tí a bá gé orí rẹ̀ kúrò, gẹ́gẹ́ bí El-Dabh ti ṣe fún àwọn obìnrin zaar, á máa ṣàn bí ohùn fèrè. Ẹ lè gbọ́ irin lórí òkúta fún odidi ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ má sì gbọ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí a ní láti lọ rà lẹ́yìn odi.

Lórí ìyọ̀ǹda, mi ò ní tẹ̀ lé El-Dabh. Ó wọ ìbòjú wọlé tọ àwọn obìnrin lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ṣe iyebíye, ṣùgbọ́n ní Ìlọrin, ẹ kí àwọn ìyá lórí ìkúnlẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, ẹ gbé e padà wá fún wọn gbọ́ nígbà tó bá parí. Bákan náà, kéwú tí àwọn ọmọ ilé kéwú ń ké ní àárọ̀ wà lára ohùn ìlú yìí tó dùn jù létí mi, síbẹ̀ mi ò ní gé e, mi ò ní tú u palẹ̀, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi ṣe èlò orin. Ohun tí ìlú kà sí mímọ́, kó dúró bó ṣe wà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára nìyí. Ìlọrin ni ojúlé àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ làǹtànà nígbà kan, iṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀yọ́ Ilé gbé sá wá síbí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òkúta pupa ni wọ́n ń fọ́, tí wọ́n ń lu ihò sí, tí wọ́n ń lọ̀ lórí òkúta títí á fi dán. J. D. Clarke kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nigeria ní 1938, nígbà tí iṣẹ́ náà ti ń lọ sópin. A mọ irú òkúta tí wọ́n lò, a mọ bí wọ́n ṣe ń lù ú, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Odidi àdúgbò tó ń lọ òkúta láàárọ̀, bó ṣe ń dún, kò sí nínú ìwé, nítorí ìwé kì í gba ìró. Nígbà tí El-Dabh yá wáyà rẹ̀ ní Cairo, ọdún mẹ́fà péré ló ti kọjá lẹ́yìn ìwé Clarke.

Mo bẹ ẹ̀yin tó ń kọ́ni ní orin ní Yunifásítì Ìlọrin, ní Màlété àti ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wa: níbi tí ẹ bá ti kọ 1948 sí, ẹ fi í sílẹ̀, òtítọ́ ni pé Schaeffer ṣiṣẹ́ lọ́dún náà. Ẹ kọ 1944 síwájú rẹ̀, ẹ kọ Cairo, ẹ kọ Halim El-Dabh. Lẹ́yìn náà, ẹ rán àwọn ọmọ lọ sí Òkèlele pẹ̀lú fóònù wọn. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.